Ilé Oko Tó Jọ Ààfin: Kí Ni Wọ́n Ń Ṣe Nínú Steading Skọ́tlándì?

Ní Culzean, létí òkun Ayrshire ní ìwọ̀-oòrùn Skọ́tlándì, àwọn ilé olókùúta kan wà tí wọ́n yí àgbàlá kan po, tí áàkì, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí òkè rẹ̀ tẹ̀ roboto, so wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn. Àlejò tó bá kọ́kọ́ rí wọn lè rò pé bárékè sójà ni, tàbí ilé àwọn àlùfáà. Màlúù, ẹṣin, ọkà àti ìgbẹ́ ẹran ni wọ́n kọ́ wọn fún. Robert Adam, ayàwòrán ilé tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún ààfin Culzean fúnra rẹ̀ kọ́ ní 1777, náà ló ya ilé oko yìí fún David Kennedy, ọlọ́lá tó jẹ́ Earl kẹwàá ti Cassillis.

Steading ni wọ́n ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀: gbogbo ilé iṣẹ́ oko kan, tí wọ́n kọ́ pa pọ̀ sójú kan. Tó bá jẹ́ oko tí ọlọ́lá náà ń dá fún ara rẹ̀ ni, tí kò fi fún àgbẹ̀ mìíràn, orúkọ rẹ̀ sábà máa ń parí sí Mains, tàbí kí wọ́n máa pè é ní Home Farm. Irú èyí ló máa ń lẹ́wà jù, òun ló sì máa ń rú àlejò lójú jù, nítorí pé ojú tí wọ́n fi han àwọn èèyàn ńláńlá yàtọ̀ pátápátá sí iṣẹ́ tó ń lọ nínú rẹ̀. Wọ́n á rí ilé roboto lẹ́yìn, ihò wẹ́wẹ́ lára ògiri, àtẹ̀gùn òkúta níta, ọ̀wọ̀n èéfín gíga láàárín oko, wọn ò sì ní mọ ohun tí èyíkéyìí wà fún.

Ọ̀nà tó rọrùn jù láti lóye rẹ̀ ni kí a gbàgbé ọ̀ṣọ́ ná, kí a tẹ̀lé pòròpórò ọkà láti ibi tó ti wọlé títí dé ibi tó ti jáde gẹ́gẹ́ bí ajílẹ̀. Gbogbo ilẹ̀kùn, ihò àti àjà inú ilé náà ló tẹ̀lé ìrìn yẹn.

Ibi tí owó ti wá

Ṣáájú àwọn ọdún 1700, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí irú ilé báyìí fún oko. Àwọn àgbẹ̀ ń pín ilẹ̀ kan náà ní ebè-ebè láàárín ara wọn, ní ọ̀pọ̀ ibi sì ni èèyàn àti màlúù ti ń gbé abẹ́ òrùlé kan nínú ilé gígùn rírẹlẹ̀. Ní 1723, àwọn onílẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Edinburgh láti máa tan ìmọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ tuntun kálẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, wọ́n pààlà sí oko, wọ́n kó ilẹ̀ tó tú ká jọ sọ́wọ́ àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fún un ní ìwé àdéhùn. Ti ọdún 19 ló wọ́pọ̀ jù. Àgbẹ̀ tó mọ̀ pé òun ní ọdún 19 lórí ilẹ̀ á gbà láti san ìṣákọ́lẹ̀ tó ga, ṣùgbọ́n á béèrè ilé oko tó dára. Òfin kan tó jáde ní 1770 tún ran àwọn tó jogún ilẹ̀ tí wọn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti tà lọ́wọ́: wọ́n lè náwó sórí àtúnṣe oko, kí wọ́n sì kọ púpọ̀ nínú rẹ̀ sọ́rùn ẹni tó máa jogún lẹ́yìn wọn. Ó wà lára ohun tó fà á tí ọ̀pọ̀ steading tó gbajúmọ̀ fi jẹ́ ti ẹ̀yìn ọdún yẹn.

Kì í ṣe inú ilẹ̀ Skọ́tlándì nìkan ni owó àwọn ọlọ́lá náà ti ń wá. Richard Oswald, tó ra ilẹ̀ Auchincruive nítòsí Ayr ní 1764, wà lára àwọn tó ni ibùdó erékùṣù Bunce ní Sàró, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ọmọ Áfíríkà sínú ọkọ̀ ẹrú. Irú owó bẹ́ẹ̀ wà nínú òkúta àwọn ilé kan tí a ń yìn lónìí.

Ẹ tẹ̀lé pòròpórò

Àlìkámà, báálì àti óòtì ni ọkà ibẹ̀. Tí wọ́n bá gé e tán, wọn kì í pa á lójú kan náà. Wọ́n á dì í ní ìtí-ìtí, wọ́n á tò ó ní òkìtì ńláńlá nínú ọgbà kan lẹ́yìn ilé, wọ́n á sì bo orí rẹ̀ nítorí òjò. Láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti máa mú un wọlé díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ìgbà òtútù, torí pé ojoojúmọ́ ni ẹran ń fẹ́ pòròpórò tuntun láti jẹ àti láti sùn lé.

Ọgbà òkìtì yìí sábà máa ń wà ní ìhà àríwá, níbi tí afẹ́fẹ́ ti lè gba ara òkìtì kọjá. Abà ìpakà ló kàn án. Òun ló ga jù nínú gbogbo steading, ó sì dúró sí àríwá kó lè gba atẹ́gùn tútù mọ́ra fún àgbàlá. Ilé màlúù àti ilé ẹṣin ya sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Apá gúúsù ṣí sílẹ̀, tàbí kí ògiri rẹ̀ kúrú, kí oòrùn ìgbà òtútù tí kì í ga lójú ọ̀run lè wọlé. Ẹni tó bá mọ agbo ilé àtijọ́ wa kò ní ṣìnà níbẹ̀: yàrá yí àgbàlá ká, ilẹ̀kùn ń wo inú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ló ń pín ipò fún yàrá níhìn-ín, kì í ṣe ẹbí.

Kí ẹ̀rọ tó dé, ọ̀pá ìpakà ni wọ́n fi ń lu ọkà, igi méjì tí awọ so pọ̀. Abà ìgbà náà ní ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra. Wọ́n á ṣí méjèèjì, afẹ́fẹ́ á gba àárín wọn kọjá, wọ́n á máa da ọkà sókè, ìyàngbò á fò lọ, hóró á bọ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí abà tí ó ní ilẹ̀kùn méjì tó kọjú síra báyìí, tí wọ́n ti wá fi òkúta dí ọ̀kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé abà náà ti wà kí ẹ̀rọ tó dé.

Andrew Meikle, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ọlọ ní Houston Mill nítòsí East Linton ní East Lothian, ló ṣe ẹ̀rọ ìpakà àkọ́kọ́ tó ṣiṣẹ́ dáadáa, ní nǹkan bí 1786; ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1788. Ìlù ńlá kan tí wọ́n kan ọ̀pá gbọọrọ mọ́ lára ló ń yí, tó ń lu hóró kúrò lára pòròpórò bó ṣe ń kọjá. Mi ò rò pé ohun mìíràn wà tó yí ìrísí steading padà tó ẹ̀rọ yìí. Abà ní láti di alájà méjì tàbí mẹ́ta: òkè ni wọ́n ti ń fi ìtí bọ ẹ̀rọ lẹ́nu, hóró ń jábọ́ sí yàrá ìsàlẹ̀, pòròpórò ń jáde ní ìdàkejì sínú abà tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fẹ́ràn ilẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ ẹrù lè gba ẹ̀yìn wá dé ẹnu àjà òkè láìsí pé ẹnikẹ́ni gun àkàbà.

Ohun tó ń yí ẹ̀rọ náà ni ilé roboto ẹ̀yìn abà. Nígbà mìíràn ó lè ní igun mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Ẹṣin ló ń rìn yípo nínú rẹ̀, mẹ́rin tàbí mẹ́fà fún ẹ̀rọ tó tóbi, lórí ọ̀nà tí ìbú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì tó nǹkan bíi mítà 8 sí 9. Òpó igi kan nàró láàárín, àgbá kẹ̀kẹ́ eléyín ńlá kan wà lókè orí àwọn ẹṣin, ọ̀pá irin kan sì gba inú ihò kan lára ògiri wọ abà lọ. Ẹṣin lè yí po nǹkan bí ìgbà mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan; eyín àgbá kẹ̀kẹ́ ló ń sọ ọ́ di ju igba lọ kó tó kan ìlù. Òrùlé ilé náà dúró lórí òpó òkúta, àárín òpó sì ṣí sílẹ̀ nítorí pé ẹṣin tó ń fa nǹkan tó wúwo ń làágùn, ó sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́.

Iṣẹ́ náà le fún ẹṣin gan-an. Bí ọ̀kan bá fà jù, tí èkejì sì fà sẹ́yìn, eyín àgbá lè kán. Nítorí náà, oko tó bá ní odò nítòsí á gbẹ́ adágún àti ojú omi gbọọrọ, á sì gbé àgbá kẹ̀kẹ́ olómi ti ara abà. Láti bí àwọn ọdún 1830, àwọn oko ńlá East Lothian àti Berwickshire, tí èédú kò wọ́n fún, wá ń lo ẹ́ńjìnnì tó ń fi oru omi ṣiṣẹ́. Ọ̀wọ̀n èéfín rẹ̀ ni bíríkì gíga tí ẹ óo rí láàárín pápá ní àgbègbè yẹn títí dòní. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ ìlú kankan ló kù síbẹ̀, ọkà ni wọ́n ń pa.

Irin inú wọn ti lọ tán nínú ọ̀pọ̀ steading; wọ́n ti tà á fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Ṣùgbọ́n ògiri kì í gbàgbé. Ẹ wo ihò kan tó ga ju orí èèyàn lọ lára ògiri tó wà láàárín abà àti ilé roboto, tí wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ ńlá yí ká: ibẹ̀ ni ọ̀pá irin gbà wọlé. Bí ẹ bá rí òkúta tí ara rẹ̀ fá ní ìlà bìrìkìtì, àgbá kẹ̀kẹ́ olómi ló fá a.

Pòròpórò tó kúrò lára ẹ̀rọ kò rìn jìnnà. Ilẹ̀kùn kan láti abà rẹ̀ ṣí tààrà sí àgbàlá màlúù. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ́ àwọn akọ màlúù kéékèèké sanra fún ọjà jálẹ̀ ìgbà òtútù, tí wọ́n ń fi tọ́nípù bọ́ wọn, gbòǹgbò kan tó tóbi tó orí ọmọdé. Ilé tọ́nípù máa ń ní ihò gbàgàdà síta, kí ẹni tó kó o dé nínú kẹ̀kẹ́ lè dà á sínú láìwọ àgbàlá. Ẹran ń tẹ pòròpórò mọ́lẹ̀, ó ń yàgbẹ́ sí i, wọ́n ń da tuntun lé e, títí tí ilẹ̀ àgbàlá á fi ga sókè tó mítà kan kí òtútù tó kásẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n á ṣí géètì ńlá, wọ́n á kó o lọ sóko. Ọkà ọdún tó ń bọ̀ wà nínú àgbàlá yẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi wà láàárín gan-an, tí kò sí lẹ́yìnkùlé.

Òjò ló ń ba ètò yìí jẹ́, torí pé ó ń fọ ohun tó wúlò jù nínú ajílẹ̀ sọnù. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1800 àti lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kọ́ òrùlé bo àgbàlá pátá, lórí òpó irin. Bí ẹ bá wọ steading kan tí àárín rẹ̀ ní òrùlé fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ lórí òpó irin, tí ògiri yí i ká sì ní fèrèsé tó ń wo inú òkùnkùn, ẹ mọ̀ pé àgbàlá gbangba ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Àká lókè, kẹ̀kẹ́ nísàlẹ̀

Hóró ń gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Wọ́n kì í tọ́jú ọkà sórí ilẹ̀, torí ọ̀rinrin máa ń ti ilẹ̀ gòkè. Orí ilé kẹ̀kẹ́ ẹrù ni àká máa ń wà. Ẹgbẹ́ áàkì tó tò lẹ́sẹẹsẹ níta steading, tí àlejò máa ń rò pé ọ̀ṣọ́ ni, gáréèjì ni wọ́n: ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi mítà 2.5, ó gba kẹ̀kẹ́ kan. Tí ẹ bá ka áàkì, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ iye kẹ̀kẹ́ tí oko náà ní. Wọ́n máa ń kọjú wọn sí ìta, ibi tí oòrùn kì í ti í pọ̀ ni wọ́n sì ń fẹ́, kí igi kẹ̀kẹ́ má baà gbẹ kó là. Afẹ́fẹ́ tó ń gba abẹ́ áàkì kọjá náà ń jẹ́ kí pákó àká wà ní gbígbẹ. Ọgbọ́n kan ṣoṣo, èrè méjì.

Fèrèsé àká kéré, ó sì máa ń jẹ́ gíláàsì lápá òkè, pákó tó ṣeé ṣí lápá ìsàlẹ̀, torí pé wọ́n ń tẹ́ ọkà tó tutù pẹrẹsẹ sórí pákó, wọ́n sì ń fi ṣọ́bìrì yí i lójoojúmọ́ kó má baà gbóná kó bu. Àtẹ̀gùn òkúta máa ń wà níta kí eku má rí ọ̀nà láti ilé ẹran gòkè tààrà. Abẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni ajá ti ń sùn. Ihò kékeré nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn àká, ọ̀nà ológbò ni.

Ilé ẹṣin kò ní àríyànjiyàn púpọ̀. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ní àyè tí ìbú rẹ̀ tó mítà 1.8, wọ́n sì ń so wọ́n ní méjì-méjì, torí pé ẹṣin méjì ló ń fa ohun ìtúlẹ̀ kan lábẹ́ ọwọ́ ọkùnrin kan. Ilé ẹlẹ́ṣin mẹ́jọ túmọ̀ sí oko ohun ìtúlẹ̀ mẹ́rin. Ní Angus, Fife àti Perthshire, àwọn ọkùnrin tí kò tíì gbéyàwó ń gbé yàrá kan tí wọ́n ń pè ní bothy, ó sábà máa ń wà nítòsí ẹṣin, òun sì ni yàrá tí ó ní ihò èéfín kékeré láàárín ilé ẹran. Lọ́pọ̀ ìgbà, òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé ẹṣin dára ju ti yàrá wọn lọ. Ẹ lè fi ojú yín rí i.

Ihò ẹyẹlé

Lórí ẹnu ọ̀nà tó tóbi jù, ilé gogoro kan tó ní ihò wẹ́wẹ́ sábà máa ń wà. Ẹyẹlé ló ń gbé ibẹ̀. Doocot ni orúkọ rẹ̀. Ẹran ọmọ ẹyẹlé dùn, ìgbẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ajílẹ̀ tó lágbára, ṣùgbọ́n ọkà àwọn aládùúgbò ló ń jẹ. Nítorí náà, òfin 1617 sọ pé ẹni tí kò bá ní ilẹ̀ tó ń mú ìwọ̀n ọkà kan wọlé lọ́dọọdún láàárín máìlì méjì kò gbọdọ̀ kọ́ ọ. Láti ìgbà náà, doocot di àmì ọlá, àwọn ọlọ́lá sì ń gbé e sórí ẹnu ọ̀nà àní níbi tí ẹyẹlé kò ti pọ̀. Àwọn mìíràn kàn ya ihò sí ojú òkúta lásán, kò sí ẹyẹlé kankan lẹ́yìn rẹ̀.

Èyí tó yẹ kí gbogbo ènìyàn wò ni ti Phantassie, lẹ́bàá East Linton níbi tí Meikle ti ṣiṣẹ́. Ògiri roboto rẹ̀ nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ ga ju iwájú lọ, òrùlé rẹ̀ sì dà sí gúúsù kí ẹyẹlé lè yá oòrùn láìsí atẹ́gùn àríwá. Ìtẹ́ tó lé ní 500 ló wà nínú. Ìlà òkúta tó yọ síta yí ara irú ilé bẹ́ẹ̀ ká kì í ṣe ọ̀ṣọ́: eku tó bá ń gun ògiri bọ̀ á débẹ̀, kò ní lè yípo rẹ̀ kọjá. Ní Penicuik, Sir James Clerk fi ẹ̀dà tẹ́ńpìlì àwọn ará Róòmù kan ṣe doocot sórí ilé ẹṣin rẹ̀ ní àwọn ọdún 1760. Tẹ́ńpìlì gidi náà, tí wọ́n ń pè ní Arthur's O'on, ni onílẹ̀ kan ti wó ní 1743 láti fi òkúta rẹ̀ tún ìdènà omi ọlọ ṣe. Ohun tí onílẹ̀ kan bà jẹ́ nítorí ọlọ, òmíràn tún un kọ́ fún ẹyẹlé.

Kí ló dé tó fi jọ ààfin?

Ìdáhùn kúkúrú ni pé ó wà lójú ọ̀nà àlejò, ọlọ́lá sì ń fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé òun ń dáko bí ọ̀làjú. Ẹ yí ilé náà ká. Iwájú tó kọjú sí ààfin á jẹ́ òkúta tí wọ́n gbẹ́ dán. Ẹ̀yìn rẹ̀ á jẹ́ òkúta wúruwùru. Àwọn fèrèsé kan níwájú, wọ́n fi òkúta dí wọn látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n kàn wà kí ọ̀tún lè bá òsì mu ni.

Ibi tí ẹwà ti ń ṣẹ́gun iṣẹ́ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Maam, ní Glen Shira lẹ́bàá Inveraray, Robert Mylne ya steading olóbìrípo fún Duke karùn-ún ti Argyll ní ìparí àwọn ọdún 1780. Ìdajì rẹ̀ péré ni wọ́n kọ́. Lójú tèmi, ilé tó lẹ́wà jù nínú gbogbo wọn nìyẹn, ṣùgbọ́n ilé tó ṣe bìrìkìtì máa ń gba owó ju ilé tó tọ́ lọ: gbogbo igi òrùlé ló ní láti ní igun tirẹ̀, òkúta kò sì lè tò láìgbẹ́. Ẹni tí kò fẹ́ náwó jù á kọ́ ilé onígun mẹ́rin, á sì fi owó tó ṣẹ́kù ṣe ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo lọ́ṣọ̀ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ṣe nìyẹn.

Ògiri, òrùlé, àti ohun tó ń pa wọ́n

Ògiri steading sábà máa ń nípọn tó mílímítà 600 sí 700. Kì í ṣe òkúta kan ló la gbogbo rẹ̀ já: ojú méjì ni, ọ̀kan níta, ọ̀kan nínú, tí wọ́n fi òkúta wẹ́wẹ́ àti amọ̀ dí àárín. Ohun tó mú wọn pọ̀ ni yanrìn tí wọ́n pò mọ́ ẹfun, ìyẹn òkúta ẹfun tí wọ́n sun nínú iná ààrò. Níbi tí owó kò ti tó, amọ̀ lásán ni. Ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń mu omi òjò díẹ̀, á sì tú u dà sínú afẹ́fẹ́ láti ojú ìlà ẹfun tó wà láàárín òkúta.

Sìmẹ́ǹtì ló ń pa á. Ẹni tó bá fi sìmẹ́ǹtì dí ojú ìlà náà, omi tó wọlé kò ní rọ́nà jáde mọ́ àyàfi láti ara òkúta. Tí òtútù bá mú, omi yẹn á di yìnyín, á wú, ojú òkúta á bó. Igi tó wọ inú ògiri á sì jẹrà, pàápàá atẹ́rígbà onígi tó máa ń wà lẹ́yìn atẹ́rígbà òkúta, níbi tí ojú kò ti rí i. Àtúnṣe rẹ̀ gba sùúrù. Ọwọ́ ni kí wọ́n fi yọ sìmẹ́ǹtì, kì í ṣe ẹ̀rọ ìgékùúta tó ń gé etí òkúta sọnù. Jíjìn ibi tí wọ́n gbẹ́ yẹ kó tó ìlọ́po méjì ìbú ìlà náà. Kí wọ́n wẹ eruku kúrò, kí wọ́n rin ín, kí wọ́n wá fi ẹfun àti yanrìn dí i. Ẹfun kan sí yanrìn méjì ààbọ̀ tàbí mẹ́ta ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àpò ìdọ̀họ tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Bí ojú ọjọ́ bá tutù tó ìwọ̀n 5 lórí òṣùwọ̀n Celsius tàbí kó má tó o, kí wọ́n fi iṣẹ́ sílẹ̀, torí pé ẹfun tí yìnyín bá mú kó tó le á tú bí iyẹ̀fun.

Iyọ̀ ni ọ̀tá kejì. Ìtọ̀ màlúù fún igba ọdún ti wọ inú òkúta ìsàlẹ̀. Ajílẹ̀ oníkẹ́míkà tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ lẹ́yìn náà tún fi kún un. Tí wọ́n bá sọ ilé màlúù di ilé gbígbé, tí wọ́n mú iná ìmúlégbóná wọlé, ògiri á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, iyọ̀ á yọ jáde ní funfun, á sì ti kíkùn ògiri ṣubú. Kíkùn tuntun kò wo èyí sàn. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n dá ògiri inú mìíràn dúró síwájú rẹ̀, kí àlàfo afẹ́fẹ́ wà láàárín.

Òrùlé yàtọ̀ láti àgbègbè dé àgbègbè. Ní ìlà-oòrùn, Fife àti Lothian, táìlì pupa títẹ̀ ló wọ́pọ̀, tí wọ́n á sì fi ìlà síléètì mélòó kan parí ìsàlẹ̀ rẹ̀ níbi tí omi ti ń pọ̀ jù. Ní ìwọ̀-oòrùn, síléètì Ballachulish àti Easdale ni. Síléètì Skọ́tlándì nípọn, kò sì dọ́gba, nítorí náà àwọn oníṣẹ́ ń ṣà á: ńlá sí ìsàlẹ̀, kékeré sí òkè, ìṣó kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n kàn mọ́ pákó tó bo gbogbo òrùlé. Tí síléètì bá ń yọ̀ ṣubú káàkiri, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìṣó ló ti dípẹtà tán, òkúta fúnra rẹ̀ sì lè ṣì lo ọgọ́rùn-ún ọdún sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó wọn dànù. Wọ́n ti ti ibi ìwakùsà Ballachulish pa láti 1955. Àlòkù nìkan ló kù láti fi tún un ṣe.

Ìbàjẹ́ tó kẹ́yìn, tírakítọ̀ ló dá a sílẹ̀. Áàkì tí wọ́n ṣe fún kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kò gbà á wọlé, nítorí náà ọ̀pọ̀ oko wó òpó kan láàárín áàkì méjì, wọ́n sì na irin sókè. Áàkì máa ń ti ara rẹ̀ síta lọ́tùn-ún lósì. Tí òpó kan bá lọ, èyí tó kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ wo ìlà tó là wá láti orí áàkì gba àárín òkúta lọ sí abẹ́ fèrèsé àká: tó bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, ògiri náà ń yí síta, ó sì nílò onímọ̀ ẹ̀rọ tó mọ̀ nípa ilé kíákíá.

Ẹni tó bá fẹ́ ra irú ilé bẹ́ẹ̀ sọ di ilé gbígbé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá Historic Environment Scotland, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ilé àtijọ́, ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé ó wà lábẹ́ ààbò. Ìpele mẹ́ta ló wà, A, B àti C, òfin kan náà ló sì de mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: inú àti ìta ilé ló ń dáàbò bò, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fúnni ní àṣẹ, ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́ láìgba àṣẹ ti dá ẹ̀ṣẹ̀. Àdán náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn àlàfo tó wà láàárín síléètì àti pákó, òfin dáàbò bò wọ́n, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tú òrùlé tí wọ́n ń gbé láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ NatureScot, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ẹranko àti ewéko. Ìgbà ooru ni wọ́n ń ka iye àdán. Ẹni tó bá ra ilé ní oṣù October tí kò bèèrè lè dúró dé May kí wọ́n tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n.